Íápíìsì Ló Ṣáájú DAC: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Orin Lórí Fóònù

Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni kí òun rà kí orin lè dùn sí i lórí fóònù òun, íápíìsì ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Tó bá ti ní íápíìsì tó dáa, mo máa ń béèrè ibi tó ti ń rí orin rẹ̀. Ìgbà tí a bá parí ìyẹn ni a tó lè máa sọ̀rọ̀ DAC, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ orin inú fóònù di iná tí íápíìsì lè lò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í jáde nílé láìmú tèmi dání. Ó wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí: irin pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, okùn kúkúrú tó ń wọ ìdí fóònù wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ihò íápíìsì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Orin tó wà nínú fóònù kì í ṣe ìró, nọ́ńbà ni. Lórí CD, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ìró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, bíìtì 16 ni wọ́n sì fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Etí ò mọ nọ́ńbà. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ sọ àwọn nọ́ńbà yẹn di iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà, kí awọ kékeré inú íápíìsì tó lè gbọ̀n, kí a tó gbọ́ ohunkóhun. Nǹkan ọ̀hún ni DAC. Kò sí fóònù tó ń kọrin tí kò ní tirẹ̀ nínú. Ẹni tó bá ra ti ìta kò ra ohun tí fóònù rẹ̀ kò ní. Iṣẹ́ ló gbà lọ́wọ́ èyí tó wà nínú, tó gbé e fún èyí tó wà níta, tó jìnnà díẹ̀ sí eríàlì àti gbogbo ariwo iná inú fóònù, tó sì sábà máa ń lágbára jù ú lọ láti ti íápíìsì.

Kì í ṣe ìfẹ́ orin ló kọ́kọ́ sún mi dé ìdí rẹ̀. Ihò ló pòórá. Apple yọ ihò íápíìsì kúrò lára iPhone 7 lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe Android náà sì tẹ̀lé wọn. Nígbà tí èmi pààrọ̀ fóònù, ihò ṣájà nìkan ló wà lára tuntun. Íápíìsì oníwáyà tí mo fi owó gidi rà wá ń gbé inú dúrọ́ọ̀. Mo bá gba Computer Village ní Ìkẹjà lọ láti wá okùn tó máa so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ọmọ tó jókòó ti ọjà ò tiẹ̀ dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú èyíkéyìí, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Mo bi í pé èwo ló ní DAC nínú.

"Dáàkì?" Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. Ó nawọ́ gba fóònù mi. "Ẹ gbé e wá, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó bá dún níbí ni kẹ́ ẹ sanwó fún." Ó já ọ̀rá ara okùn funfun kan, ó ki okùn náà bọ fóònù, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀; ẹnu sípíkà lorin ṣì ń gbà jáde. Ó yọ ọ́, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Funfun lòun náà, gígùn kan náà, kódà ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn jọra. Àmì headphone yọ lókè ojú fóònù, sípíkà panu mọ́, ni orin bá bọ́ sí mi létí. "Ẹ ò rí i? Èyí tí ẹ̀ ń wí nìyẹn," ló wí, ó sì bu owó lé e lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Àwọn fóònù kan wà tó jẹ́ pé inú ara wọn ni wọ́n ti ń sọ nọ́ńbà di iná tán, tí wọ́n á wá gba ihò ṣájà, ìyẹn USB-C, tì í jáde. Wáyà lásán ti tó irú wọn. Àwọn mìíràn, tèmi wà lára wọn, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń gbé jáde níbẹ̀, okùn tí kò bá sì ní DAC kò lè rí nǹkan kan fi í ṣe. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ rà pé kó mú fóònù rẹ̀ dání, kó dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á, kó tó kówó sílẹ̀. Tó bá jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti fẹ́ rà á, kó wá ọ̀rọ̀ DAC nínú àlàyé ọjà. Tí kò bá sí níbẹ̀, kó kọjá lọ. Okùn kékeré tí Apple ń tà ní dọ́là 9 ní DAC nínú, ó sì dáa ju bí owó rẹ̀ ṣe kéré lọ. Àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà àti èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kì í ṣe ẹgbẹ́: fóltéèjì ti Yúróòpù jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ará ilé òun ra ọ̀kan bọ̀ láti Jámánì, kó fi ìyẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni mo ra èyí tó wà lórí tábìlì yìí, tó wọ́n ju okùn Ìkẹjà lọ dáadáa. Ṣé ó yàtọ̀? Ìdí ìbéèrè yìí làwọn èèyàn ti ń parọ́ jù, wọn ò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo jù ni etí máa ń sọ pé ó dùn jù. Bí DAC tuntun bá fi bín-ín-tín lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó rà á á ní òun ń gbọ́ ìlù tí òun ò gbọ́ rí, kò sì sí nǹkan méjì tó ṣẹlẹ̀ ju pé ohùn lọ sókè.

Mo ní kí àbúrò mi obìnrin wá bá mi dán an wò. Fóònù àtijọ́ tó ní ihò, fóònù tuntun pẹ̀lú DAC, íápíìsì kan náà, fáìlì orin kan náà. Ó gbé íápíìsì ti ẹnu máìkì fóònù tirẹ̀, ó fi ápù tó ń wọn ariwo yẹ̀ ẹ́ wò títí ohùn méjèèjì fi dọ́gba. Mo kọjú sí ògiri. Òun ló ń yọ ọ́, òun ló ń kì í bọ̀ ọ́, tèmi ni pé kí n sọ èyí tó ń dún. Mo kàn ń méfò ni. Kì í ṣe pé mo ń gbà á lẹ́ẹ̀kan kí n máa pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ohun tí mo lè dì mú rárá. Àárín orin kan sí èkejì nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n dájú, nígbà tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́: fóònù àtijọ́ á máa ṣe ṣìì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́lẹ̀, DAC á dákẹ́ rọ́rọ́. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ṣé ìdákẹ́jẹ́ lẹ wá fowó rà?"

Kò parọ́. Ṣùgbọ́n íápíìsì tí a lò lọ́jọ́ náà kì í fún ẹ̀rọ ní wàhálà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ yá mi ní Sennheiser HD 600, headphone ńlá tó bo gbogbo etí, tí ìdènà iná inú rẹ̀ jẹ́ ọ́ọ̀mù 300. Ọ̀pọ̀ íápíìsì tí à ń lò fún fóònù kì í ju 16 tàbí 32 lọ. Mo ki headphone náà bọ fóònù àtijọ́, mo ti ohùn rẹ̀ lọ sókè dé góńgó, orin ṣì ń dún bí ìgbà tí alábàágbé ń kọrin ní yàrá kejì. Mo gbé e sórí DAC, ìlàjì ohùn ti tó mi, ìlù sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò gba kí ẹnikẹ́ni kọjú sí ògiri. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní DAC ò wúlò, mo máa ń béèrè ohun tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá sì ní ó yí ayé wọn padà, ìbéèrè kan náà ni.

Kí n wá bọ́ sórí ibi tó ká mi lára jù, ìyẹn orin fúnra rẹ̀. Àpàlà ni wọ́n ń lù nílé wa. Ẹni tó bá mọ orin Haruna Ishola mọ̀ pé kò sí gìtá níbẹ̀, kò sí dùùrù: agídìgbo ló di ìsàlẹ̀ mú, sẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ń rìn lókè, àkúbà wà láàárín, ìlù tó ń fọhùn á wá máa bá olórin ṣe gbólóhùn. Irú orin báyìí ló yẹ kó jàǹfààní ẹ̀rọ tó mọ́ jù lọ, torí gbogbo nǹkan tó wà nínú rẹ̀ ni ọwọ́ èèyàn fi lù.

Ohun tí DAC kọ́kọ́ fi hàn mí ni bí àwọn fáìlì tí mo ní lọ́wọ́ ṣe bàjẹ́ tó. Ẹnì kan gba àwo sórí kásẹ́ẹ̀tì nígbà kan, ẹlòmíì gba kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, ó sọ ọ́ di MP3 tó jẹ́ kílóbíìtì 128 níṣẹ́jú àáyá kan, WhatsApp ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Lára irú fáìlì yẹn, sẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Èèyàn ò ní gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́, ariwo ṣìrìṣìrì kan tí kò lórí tí kò nídìí ló kù. Lórí sípíkà fóònù, ó ṣeé fojú fò. Nínú íápíìsì tó dáa, tí DAC tó mọ́ wà nídìí rẹ̀, kò sí ibi tí ó máa sá sí. Ohun tí wọ́n ti gé dànù nígbà tí wọ́n ń fún fáìlì náà kó lè kéré, kò sí owó tí èèyàn máa ná lórí DAC tó lè dá a padà. Bákan náà ni àwọn tó ń retí pé kí ìlù pín sí ọ̀tún àti òsì nínú orin àtijọ́. Púpọ̀ nínú àwọn àwo ayé ìgbà yẹn, mónò ni wọ́n gbà á. Ohun tó wà létí ọ̀tún náà ló wà létí òsì, bó sì ṣe máa wà nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi tó yá mi ní headphone ló là mí lójú. Ó ní àwo àpàlà kan tí ẹni tó ni ín ti tọ́jú dáadáa, ó fọ̀ ọ́, ó lù ú lórí ẹ̀rọ gidi, ó sì gbà á sílẹ̀ ní FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohunkóhun kúrò nínú orin. Mo gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, tí àdúgbò sì ti sùn, tí ẹnikẹ́ni ò tan jẹnẹrétọ̀. Ahọ́n irin agídìgbo, mo ń gbọ́ ìgbà tí ìka bá fi í sílẹ̀, kí inú àpótí tó dáhùn. Ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń bọ́ sára igbá, ó sì ń ní òpin. Àmọ́ ìlù tó ń fọhùn ló mú mi dá orin dúró. Ibì kan wà tó jẹ́ pé láti kékeré ni mo ti ń fi ejìká jó o, mo rò pé aré lásán ni onílù ń ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ bó ṣe ń fún ọsán ìlù, bí ohùn ṣe ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè tó sì ń padà, mo sì gbọ́ ohun tó ń wí kedere. Oríkì ló ń ki. Ó ń ki ẹnì kan pẹ̀lú orúkọ baba rẹ̀. Mo dá a padà, mo tún un gbọ́, mo sì pe ìyá mi lórí fóònù láàárọ̀ láti bi wọ́n bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Ẹnu á ti máa yún ẹni tó ń ta DAC láti sọ pé ọjà òun ló ṣe é. Mo gbé fáìlì kan náà sórí fóònù àtijọ́, mo ki íápíìsì bọ ihò rẹ̀, onílù ṣì ń ki ẹni tó ń kì. Fáìlì ló ṣe é, àti ọwọ́ ẹni tó fọ àwo. DAC kàn ṣọ́ ọ kó má bàjẹ́ lójú ọ̀nà ni.

Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wúwo, kí á má tan ara wa. Orin tó wà ní ìwọ̀n CD ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10 níṣẹ́jú kan. FLAC máa ń dín in kù dé nǹkan bí ìdajì láìgé nǹkan kan nínú rẹ̀. MP3 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò pé mẹ́gábáìtì kan níṣẹ́jú kan. Àpàlà sì rèé, tí orin kan lè gba ojú àwo kan tán, ogún ìṣẹ́jú gbáko nígbà mìíràn. Ẹni tó ń ra dátà níwọ̀n-níwọ̀n mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èmi máa ń gba tèmi sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà, mo ń tọ́jú rẹ̀ sórí káàdì, mi ò gbọ́ ọ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lójú pópó. Apple Music ti ń fún àwọn oníbàárà wọn ní orin tí wọn ò gé láti ọdún 2021 láìgba owó kún un, ṣùgbọ́n àwọn fáìlì tí wọ́n wọn ìró wọn ju ìgbà 48,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iPhone nílò DAC ti ìta kó tó lè gbé wọn jáde bí wọ́n ṣe jẹ́. Ní ti Android, láti ilẹ̀ ló ti máa ń da gbogbo ìró pọ̀, orin, ìkìlọ̀ WhatsApp, aago ìjí, tó sì sábà máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di 48,000 kó tó fi ránṣẹ́. Android 14, tó jáde lọ́dún 2023, ṣí ọ̀nà fún ápù láti fi orin ránṣẹ́ sí DAC láìfọwọ́ kàn án, kí ìyẹn tó dé sì ni ápù tó ń jẹ́ USB Audio Player PRO ti ń fo ìdàpọ̀ yẹn kọjá. Mò ń lò ó. Mo fẹ́ràn pé ìkìlọ̀ WhatsApp kò lè já wọ àárín orin mi. Tí ẹ bá bi mí bóyá etí mi mọ 44,100 yàtọ̀ sí 48,000, mi ò ní búra.

Àwọn nǹkan tí wọn kì í kọ sára páálí ọjà ló kù. DAC ń mu bátìrì fóònù, ìlú tí a ò sì ti mọ ìgbà tí iná máa dé la wà. Tí ó bá wà nínú ihò, ṣájà kò ráàyè wọlé. Okùn olórí méjì wà tó ń gba méjèèjì, mo ra ọ̀kan, àmọ́ bí mo bá ti so ó mọ́ ṣájà ara ògiri nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, etí mi á máa gbọ́ húùù; tó bá jẹ́ páwà báǹkì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn fóònù kan wà tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tan OTG, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí fóònù fún ohun tí a so mọ́ ọn níná, nínú Settings kí DAC tó lè gba iná, tí wọ́n á sì pa á fúnra wọn tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé DAC rẹ̀ ti kú. Níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì bá ti já sí 2G, okùn rẹ̀ lè gbé ariwo tì-tì-tì tí gbogbo wa mọ̀ látara rédíò nígbà tí ìpè bá fẹ́ wọlé. Mo máa ń fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú tí mo bá fẹ́ gbọ́ orin tọkàntọkàn. Rédíò FM inú fóònù ńkọ́? Wáyà íápíìsì ni ó ń lò ní eríàlì, DAC kì í sì í gbé ìyẹn kọjá, nítorí náà á ní kí ẹ ki íápíìsì bọ̀ ọ́ nígbà tí íápíìsì wà létí yín. Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa DAC nítorí èyí nìkan. Ìròyìn aago méje ni orin tiwọn.

Ẹ ṣọ́ra fún agbára rẹ̀ o. Àwọn DAC kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti wọ ihò, ohùn á kọ́kọ́ wà lókè pátápátá. Mo máa ń kì í bọ̀ ọ́, kí n tẹ orin, kí n gbọ́ ọ láti ọwọ́ kí n tó fi íápíìsì sétí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ariwo tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80, èèyàn lè gbọ́ ọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Nínú ọkọ̀ èrò tí ẹ́ńjìnnì ń ké, tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pariwo, 90 kì í jìnnà rárá.

Oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù fi àwòrán DAC kan ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kan tó ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn, wọ́n kọ 768 kílóháàtì, ìyẹn ìgbà 768,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àti bíìtì 32 sára páálí rẹ̀ gàdàgbà. Wọ́n ní ṣé kí àwọn rà á. Mo ní ohun tí etí ọmọ aráyé ń gbọ́ kì í kọjá 20 kílóháàtì, pé 44,100 ti CD ti kárí ìyẹn, kí wọ́n má wo nọ́ńbà yẹn rárá. Mo wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ máa fi gbọ́ ọ.

"Èyí tí ọmọ rà fún mi náà ni, tí kò ní wáyà."

Mo ní, "Sìsítá mi, Bluetooth nìyẹn." Mo ṣàlàyé fún wọn pé nọ́ńbà ni Bluetooth ń gbà nínú afẹ́fẹ́, pé DAC tirẹ̀ wà nínú íápíìsì fúnra rẹ̀, pé èyí tí wọ́n fẹ́ rà kò ní rí iṣẹ́ kankan ṣe níbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kí Bluetooth dùn sí i, kí wọ́n wò ó bóyá fóònù àti íápíìsì wọn jọ ní LDAC, ọ̀nà kan tí Bluetooth ń gbà fi orin ránṣẹ́, tó lè gbé tó kílóbíìtì 990 níṣẹ́jú àáyá kan.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ tà á fún àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi àwòrán òmíràn ránṣẹ́: íápíìsì oníwáyà, pẹ̀lú okùn pélébé kan tó kéré lówó. Wọ́n wá ní kí n fi àpàlà tó ní oríkì nínú yẹn ránṣẹ́ sí àwọn, kí n má fi WhatsApp fún un kéré.